Bí Géèmù Ṣe Ń Wọ Ilé Ìkàwé

Ẹ sọ fún òbí kan ní Ìdí-Òro tàbí Ìdí-Àràbà ní Èkó pé ilé ìkàwé ìjọba fẹ́ gbé ẹ̀rọ géèmù kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18, òṣé ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Òbí tó ń fi pàṣán lé ọmọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, ṣé òun náà ni wọ́n tún wá ń sọ fún pé wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé? Inú tó ń bí i kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ilé ìkàwé ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni, páàdì kan náà ni, bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n sì ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ni àkókò tí ọmọ ń lò nídìí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?

Ètò géèmù ní ilé ìkàwé ni pé kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ya yàrá kan sọ́tọ̀, kí ó mú ọjọ́ àti wákàtí, kí ó gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù síbẹ̀, kí ó ṣa géèmù tó yẹ, kí ó wá pe àwọn ọ̀dọ́langba láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, lójú òun. Gbogbo rẹ̀ dá lórí "lójú òun" yẹn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sí igun kan, tí ẹni tó bá ti ráyè lè jókòó tì kó ṣe ohun tó wù ú, kì í ṣe ètò. Ètò ní ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ìgbà tó ń parí, ó sì ní ẹni tí wọ́n máa bi léèrè bí nǹkan bá wọ́.

Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n kàn ṣí yàrá sílẹ̀, kí ẹni tó bá dé kọ orúkọ rẹ̀, kí ó dúró de ìgbà tó máa kàn án. Òmíràn ni ìdíje. Òmíràn tún ni kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù fúnra wọn. Scratch, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2007, ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń yá èèyàn ní díìsìkì géèmù lọ sílé bí ẹni yá ìwé. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, torí pé ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ní Muṣin kò ní ẹ̀rọ nílé tí yóò ki díìsìkì bọ̀.

Kì í ṣe àná ni eré wọ ilé ìkàwé

Ẹni tó bá rò pé ayé ló bàjẹ́ tí ilé ìkàwé fi ń gba eré láyè kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pẹ́ tó. Ní San Francisco, ilé ìkàwé Mechanics' Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1854, ní ẹgbẹ́ chess tó ń jókòó nínú rẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹgbẹ́ chess mìíràn tó pẹ́ tó o ní Amẹ́ríkà. Ní 1935, tí ọ̀dá owó mú wọn lọ́hùn-ún, Los Angeles County bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ọmọdé ní ohun ìṣeré, wọ́n á kó o lọ sílé, wọ́n á sì dá a padà bí ẹni dá ìwé padà.

Ti orí tẹlifíṣọ̀n ló dé lẹ́yìn. Ilé ìkàwé ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ ìdíje Mario Kart ní 2004. Eli Neiburger, òṣìṣẹ́ wọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà, kọ ìwé lórí rẹ̀, ALA, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà, sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, 2008, ALA yìí kan náà ya odidi ọjọ́ sọ́tọ̀ fún géèmù ní àwọn ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn, ọjọ́ náà sì ti di ti gbogbo ayé láti ìgbà náà. Ní Finland, Oodi, ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ṣí ní Helsinki ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ní yàrá géèmù bó ṣe ní pẹpẹ ìwé.

Ní ti ìlànà, kò sí ohun tí wọ́n rú. Ní 1949 ni UNESCO kọ́kọ́ gbé ìwé kan jáde lórí ohun tí ilé ìkàwé gbogbogbòò wà fún, ní 1953 ni wọ́n sì ṣe àpérò kan sí Ìbàdàn wa níbí lórí bí irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n ti tún ìwé ìlànà náà kọ ní 1972, 1994 àti 2022. Nínú ti 1994, wọ́n ka mímú kí ojú inú àti ọgbọ́n àtinúdá àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jí pépé mọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé. Wọn kò ní dandan ni kó jẹ́ bébà nìkan ló máa ṣe é.

Ọmọ tí kò sí ní ilé ìkàwé

Lórí títì Herbert Macaulay ní Yábàá, lápá Adékúnlé, ilé ìkàwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Herbert Macaulay. Ní Ìlúpéjú, òmíràn ń jẹ́ orúkọ Henry Carr. (Àwọn bàbá méjèèjì yìí kò rẹ́ rárá nígbà ayé wọn: ní 1924, Macaulay kọ ìwé pélébé pé kí Carr kó ẹrù rẹ̀ kúrò nípò ìjọba. Carr ní tirẹ̀ kó ìwé tó ń lọ bíi 18,000 jọ sílé, ìwé tó di ti Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn tó kú. Wọ́n ti wá di aládùúgbò báyìí, nídìí iṣẹ́ kan náà.)

Ẹni tó bá ti wọ irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ mọ àwọn tó máa bá níbẹ̀. Àwọn tó ń múra WAEC, JAMB àti ICAN ni. Ìwé tiwọn ni wọ́n gbé wá. Àga, tábìlì àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n wá gbà. Àwọn ọmọ kéékèèké náà ní igun tiwọn, tí ìwé alàwòrán wà. Ẹni tí kò sí nínú ìjọ méjèèjì ni ọmọ JSS 2 tó ti dàgbà kúrò nídìí ìwé alàwòrán, tí ìdánwò kò sì tíì le mọ́ ọn débi tí yóò fi jókòó kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba tàbí nínú àdúgbò ní Muṣin kì í tóbi. Yàrá kan ni tàbí kọ̀ǹténà, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta tó kọjú sí bẹ́ǹṣì, fáànù tó ń fẹ́ sí ibi tó bá wù ú, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lórí gọ́tà. Aṣọ kan máa ń bo ẹnu ọ̀nà, kí oòrùn má baà tàn sójú tẹlifíṣọ̀n, kí ìyá ẹni tó bá ń kọjá lọ má sì tètè rí ẹni. Àwọn kan ń gba owó lórí wákàtí, àwọn mìíràn lórí ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ́pọ̀ pé ẹni tí wọ́n nà ló máa sanwó, tí yóò gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

N kò bá oníṣọ́ọ̀bù wí. Òwò ni, ó sì lè mọ àwọn ọmọ àdúgbò ju olùkọ́ wọn lọ. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní ojú àánú kì í jẹ́ kí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù jókòó ti òun ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Àmọ́ àkókò ni ọjà tó ń tà. Bí ọmọ bá ṣe ń pẹ́ ni owó ṣe ń wọlé, òwò rẹ̀ kò sì lè sọ fún ọmọ pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, dìde." Bí àwọn àgbà ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé ẹni tó máa borí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré ọmọdé.

Ilé ìkàwé kì í ta àkókò, ṣe ló ń pín in. Bí ọmọ bá gbé páàdì sílẹ̀, kọ́bọ̀ kò dín nínú àpò ìjọba. Èyí ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lè ṣe òfin tí oníṣọ́ọ̀bù kò lè ṣe láìjẹ gbèsè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọjọ́ Sátidé

Géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣà. Lójú páálí géèmù tó bá wá láti Yúróòpù, nọ́ńbà kan wà ní igun: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ètò kan tó ń jẹ́ PEGI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló ń fi í síbẹ̀, ọjọ́ orí ọmọ tí géèmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ló ń sọ. Lẹ́tà ni ti Amẹ́ríkà, ESRB: E ni ti gbogbo èèyàn, T ni ti ọ̀dọ́langba, M ni ti ẹni ọdún 17 sókè. Ní 1994 ni wọ́n dá ESRB sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti fárígá lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde nínú Mortal Kombat. Géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀, 3 ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Grand Theft Auto, 18 ni. Bó ti wù kí àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ tó, kò níṣẹ́ kankan nínú yàrá yìí.

Ìṣòro kan wà níbí tí àwọn ará Helsinki kò ní. Púpọ̀ nínú díìsìkì tó ń yí kiri lọ́dọ̀ wa kò ní páálí rárá. Ẹ̀dà ni, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lójú. Ilé ìkàwé ìjọba kò lè lo irú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 wà ní Nàìjíríà, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé làágùn kọ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa rú u. Géèmù ojúlówó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ohun tí wọ́n nílò fún ọdún kan.

Lẹ́yìn náà ni ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ á mú fọ́ọ̀mù lọ sílé kí òbí fọwọ́ sí i, bí ó bá sì ti dá a padà, wọ́n á fún un ní káàdì ilé ìkàwé lójú ẹsẹ̀, yálà ó fẹ́ yá ìwé tàbí kò fẹ́. Káàdì ni ẹ̀rí ìwọlé.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni bí wọ́n ṣe ń to ìdíje. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ 16 ló wá, tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan á máa lọ sílé, ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 péré ni wọ́n máa gbá tí ife á fi ní olówó. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́jọ nínú mẹ́rìndínlógún ti parí lẹ́yìn ẹyọ kan. Ọmọ wọ ọkọ̀ láti Bárígà, ó gbá bọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú 12, ó ti di òǹwòran. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní padà wá. Nítorí náà, wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á bá àwọn mẹ́ta yòókù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ gbá, ìyẹn ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24. Ẹni méjì tó ṣíwájú nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á wá kọjú síra wọn títí dé àṣekágbá, ìyẹn 7 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn, tẹlifíṣọ̀n méjì á gba mẹ́jọ ní wákàtí kan, wọn kò sì ní lò tó wákàtí mẹ́rin. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo ọmọ ti gbá ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ fi wé ti ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá ló ń jókòó pẹ́ nídìí páàdì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń sanwó jù tó sì ń gbá a kéré jù. Ètò ilé ìkàwé kò wá akọni kiri, nítorí náà ó lè fún ọ̀lẹ ní àyè kan náà bíi ti ògbóǹtarìgì.

Nígbà tí mẹ́rin bá ń gbá, àwọn méjìlá yòókù ńkọ́? Àwọn gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́rùn. Ọ̀kan wà nídìí bọ́ọ̀dù tó ń kọ máàkì: 3 fún ẹni tó borí, 1 fún ọ̀mì, góòlù tó wọlé, góòlù tí wọ́n gbà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Bí ẹni méjì bá ní máàkì kan náà, òun ni yóò ṣàlàyé fún àwọn tó ń bínú ìdí tí ẹnì kan fi wà lókè. Òmíràn gbé makirofóònù dání, ó ń sọ bí eré ṣe ń lọ ní Yorùbá bíi ti àwọn olóòtú eré ìdárayá orí rédíò, òmíràn sì ń kọ ìròyìn tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìròyìn yẹn ní láti ní gbólóhùn àkọ́kọ́ tó fa èèyàn wọlé, orúkọ gbọ́dọ̀ pé, ẹni tí wọ́n nà kò sì gbọdọ̀ rí i kó sọ pé irọ́ ni. Olùkọ́ èdè mélòó ló ti ní ọmọ tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tún àròkọ òun wò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́?

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan máa ń sọ pé àwọn kò mọ géèmù, pé báwo ni àwọn ṣe máa darí rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbà kò wọ kèrègbè. Ìgbìmọ̀ ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa ń mọ géèmù tó wà lóde, tí wọ́n á sọ òfin eré, tí wọ́n á ṣe rẹfirí. Àgbà ló ni kọ́kọ́rọ́, aago àti ẹnu tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Kí ni ọmọ ń rí gbà níbẹ̀?

Ẹ jókòó ti ọmọ kan tó ń ṣe Master League nínú PES, géèmù bọ́ọ̀lù ti Konami. Kí bọ́ọ̀lù tó yí rárá, ó ti la ojú ìwé mẹ́wàá kọjá. Owó ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù nìyẹn, ó fẹ́ ra ẹni ọdún 19 tí ọjọ́ iwájú rẹ̀ dára, ó sì gbọ́dọ̀ ta ẹni ọdún 31 kí owó lè tó. Ọfà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá kọjú sókè, ara ẹni náà yá, bí ó bá kọjú sílẹ̀, kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tí wọ́n ní kò mọ̀wé kà ló ń ka gbogbo ìyẹn, ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣírò rẹ̀, tó sì ń fi pinnu. James Paul Gee, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ẹ̀kọ́ inú géèmù ní 2003, ṣàkíyèsí pé géèmù tó dára ń fún èèyàn ní ìmọ̀ ní àsìkò tó nílò rẹ̀ gan-an, àti pé ìkùnà inú rẹ̀ kì í náni lówó púpọ̀: o fìdí rẹmi, o tún bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgúnmu fún yín. Géèmù nìkan kò sọ ọmọ di òǹkàwé rí. Ọmọ tó ń ka owó oṣù agbábọ́ọ̀lù lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó má sì ka nǹkan mìíràn. Ìbéèrè tí àgbàlagbà bi í ló máa ń mú un rékọjá ibẹ̀: kí ló dé tí o fi ta a? Kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ wọ nọ́ńbà ẹ̀yìn agbábọ́ọ̀lù rẹ yìí fún Super Eagles? Wá a rí. Ṣọ́ọ̀bù kì í béèrè irú ìbéèrè yìí, kò sì lẹ́bi, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Ìgbà mìíràn tún wà tí géèmù ń di irinṣẹ́ gidi. Láti 2012, UN-Habitat àti Mojang, ilé iṣẹ́ tó ṣe Minecraft, ti ń jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò fi géèmù náà ya bí wọ́n ṣe fẹ́ kí gbàgede wọn rí. Kibera, ní Nairobi, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Fojú inú wo ọmọ ọdún 15 tó ń tún abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba tò lórí kọ̀ǹpútà, tó ń pinnu ibi tí àwọn akérò máa dúró sí.

Àwọn tó ń ṣe géèmù náà kò sì jìnnà. Ní 2012, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó, ọ̀kadà àti Whot wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe géèmù. Ní ọdún kan náà ni Abíọ́lá Ọláníran dá Gamsole sílẹ̀. CcHUB, tó ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sábẹ́ ilé láti 2011, bẹ̀rẹ̀ lórí títì Herbert Macaulay kan náà tí ilé ìkàwé wà. Ká pe irú wọn kan wá ní Sátidé kan kí ó sọ iye ọjọ́ tó fi ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kan yí lójú fóònù ju ìwàásù ogún lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣì gbọ́

Àwọn alátìlẹyìn gan-an ló ń pa irọ́ kan tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́: pé ìjẹ ni géèmù, pé wọ́n á fi fa ọmọ wọlé, wọ́n á sì ti ìwé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 14 máa ń gbóòórùn ìdẹ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ rò ó wò: bí ilé ìkàwé bá pe àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin wá gbọ́ àlọ́, tí wọ́n gberin, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọ́n lọ sílé, ta ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ka iye ìwé tí wọ́n yá? Àlọ́ náà ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Sátidé géèmù náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ bí ọmọ bá jókòó ní ibi tó láàbò, tó bá ojúgbà rẹ̀ díje, tó gbà pé wọ́n na òun, tó sì mọ̀ pé ilé yẹn jẹ́ tòun pẹ̀lú. Bí ó bá yá ìwé, ó dára. Tábìlì tí ìtàn ìgbésí ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ìwé kóòdù wà yóò wà nítòsí, láìsí ẹni tó ń tì í sí i.

Ọ̀rọ̀ bárakú náà wà ńlẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àìsàn géèmù sínú ìwé àkójọ àrùn wọn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹ wo bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀: ẹni náà kò lè dá ara rẹ̀ lẹ́kun mọ́, géèmù ti ṣáájú gbogbo nǹkan láyé rẹ̀, ó ń ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ síbẹ̀ kò dẹ́kun, ó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan. Fífẹ́ràn géèmù kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, ibo ni àgbàlagbà kan ti máa tètè rí i? Nínú yàrá tí aago mẹ́ta jẹ́ aago mẹ́ta, ọmọ tó ń sunkún nítorí pé wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n yóò hàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀.

Àwọn kan ní kò sí nínú àṣà wa kí àgbà jókòó máa wo ọmọ tó ń ṣeré. Ó yẹ kí wọ́n bi àwọn baba tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, ọ̀ta àti ọ̀pẹ nídìí ọpọ́n, àwọn òǹwòran yí wọn ká, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bú ọ̀pẹ, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yin ọ̀ta. Ọmọdé tó dúró lẹ́yìn wọn ń kọ́ ìṣirò láìsí síléètì, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba èébú láìjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa, ó wà ní Mainland yìí gan-an. Tunde Onakoya, tó kọ́ chess nígbà èwe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú, tó sì lọ sí Yabatech, dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018. Wọ́n gbé ọpọ́n chess lọ sí Mákòkó, lọ sábẹ́ afárá Òṣòdì, láàárín àwọn ọmọ tí ẹlòmíràn ń sá fún. Láti ìdí ọpọ́n ni àwọn ọmọ kan ti rí ẹni rán wọn níléèwé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Onakoya jókòó ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, káyé lè gbọ́ nípa wọn. Kò sí òbí tó ń pòṣé sí chess, torí pé ó jọ ohun ọlọ́gbọ́n. Ọpọ́n nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Àgbàlagbà kan wà tó ń dé ní àkókò tó dá, tó mọ orúkọ ọmọ, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná, ọmọbìnrin àti páàdì

Iná ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kò tó bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n LED 32 ínǹṣì ń jẹ bíi wáàtì 50, ẹ̀rọ géèmù PS4 lè jẹ 100 sí 150 nígbà tí eré bá gbóná. Méjì-méjì wọn kò tó 500, nígbà tí áyọ́ọ̀nù aṣọ kan ṣoṣo ń jẹ 1,000. Ẹ̀rọ inverter tó wà fún ọ́fíìsì lè gbé e fún wákàtí mẹ́rin bí bátìrì rẹ̀ bá lágbára. Géèmù náà kò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbá wà nínú yàrá kan náà. Bí iná bá lọ pátápátá, Whot, chess àti ayò kò nílò rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin ló le jù, òun sì ni àwọn tó ń gbé ètò kalẹ̀ ń gbàgbé. Aṣọ tó bo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù géèmù kò dá ọmọkùnrin dúró, ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ọdún 14 gbé e sókè kó wọlé? Nítorí náà, bí ilé ìkàwé bá ṣí ilẹ̀kùn lásán, àwọn ọmọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́ta gbá géèmù níta ló máa kún ibẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wá á sì rí i pé àwọn kò mọ páàdì dì mú, wọ́n á sì rọra lọ. Wákàtí àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin nìkan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí òṣìṣẹ́ obìnrin wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì máa wo ẹni tó ń kọ́ ọ. Àwọn ọmọkùnrin á ráhùn. Kí wọ́n ráhùn.

Ohun tó ń pa ètò yìí kì í sábà jẹ́ owó àkọ́rà. Páàdì ni. Ọ̀pá kékeré orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí agbábọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Bí ó bá ti ń jẹ, agbábọ́ọ̀lù á máa rìn fúnra rẹ̀ lọ sápá òsì, ọmọ á máa pariwo pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ rẹ́ òun jẹ, òótọ́ ló sì ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n méjì nílò páàdì mẹ́rin lórí tábìlì àti méjì nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àti owó àtúnṣe tó wà lákọsílẹ̀ nínú ìṣirò ọdún, tí kì í ṣe èyí tí òṣìṣẹ́ máa yọ lápò ara rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní òpópónà kejì mọ ẹni tó ń tún un ṣe, ó mọ iye tó yẹ kí wọ́n san, ó sì mọ ọmọ tó máa ń fi páàdì nalẹ̀ bí wọ́n bá ti nà án. Kí ilé ìkàwé pè é wá sípàdé kí wọ́n tó ra ohunkóhun.